Jímọ̀ Ìyàndá Tó Ń Fọ Òkúta Ibojì Wa Ní Onitsha Wà Lẹ́yìn Odi

Jímọ̀ Ìyàndá ti kú. Ó kú ní Onitsha láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Júùnù ọdún 1971 yìí, lórí ẹní, pẹ̀lú ikọ́ tó gbé bọ̀ láti inú ogun. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọ Yorùbá Onitsha, àwa tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá fọ òkúta ibojì bàbá àti ìyá, ti ti ẹnubodè itẹ́ òkú mọ́ ọn. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n sin ín sí. Mo tún un sọ fún ẹni tí kò gbọ́: ẹ̀yìn odi.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra. Mo ti rọra títí, ó ti sú mi. Èmi Olúwẹ̀mímọ́ tí mò ń kọ̀wé yìí, Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi, Ọláwùmí aláṣọ, wà nínú itẹ́ yẹn láti ọdún tó ṣáájú òmìnira. Bí mo bá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹni tó ń fọ òkúta orí ìyá mi, tí mo wá fọwọ́ lẹ́rán, irú ọmọ wo ni mí?

Ẹni tí kò gbé ìdálẹ̀ rí lè máa bèèrè pé itẹ́ kí ni. Ṣebí inú ilé ni Yorùbá ń sin òkú sí? Òótọ́ ni. Nílé wa, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá ń sùn, ọmọ á máa tẹ́ ẹní sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé bàbá lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n yàrá là ń háyà ní Onitsha. Onílé wo ló máa gbà kí ayálégbé gbẹ́ ilẹ̀ yàrá òun kó sin òkú sí i? Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, fi jọ lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé onílẹ̀ kan lápá odò Nkisi. Ilẹ̀ tó da gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sódò ni. Ibẹ̀ la sọ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, Jímọ̀ ló sì ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé korobá, á lọ pọnmi lódò. Kì í fi irin ha òkúta, kì í da iyanrìn sí i. Pẹlẹbẹ ọparun tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ló fi ń yọ ohun tútù tó máa ń hù sára òkúta lójò, kànìnkàn ló sì fi ń fọ̀ ọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má baà ṣàn sórí ibi tó gbẹ kó fa ìlà síbẹ̀. Bó bá dé ibi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí, á jókòó. Ìka ló máa ń fi tẹ̀lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń kí wọn bó ṣe ń fọ̀ wọ́n. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan: ó ní Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìsinmi o, ẹ jẹ́ n bá yín nu ojú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nígbà tí ìyá mi wà láyé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun lójú. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun fi ń kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Mùsùlùmí ni, àgbélébùú ló sì ń fọ̀ jù, nítorí ibojì mùsùlùmí kì í ní òkúta ńlá, sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ lásán ni. Àwọn kan lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Àlùfáà Bẹ̀llò, ẹni tó ń ṣe ìmáàmù fún wa. Àlùfáà pè é. Jímọ̀ ní òkú kò pe òun síbi ìsìn, ìwẹ̀ ni wọ́n ní kí òun wá bá àwọn wẹ̀. Àlùfáà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ, kó ṣáà má pa ìrun alásàárì jẹ. Lọ́dún òmìnira, nígbà tí gbogbo ìlú ń kun ilé, Jímọ̀ fi ẹfun kun gbogbo òkúta tó ti ń dúdú. Ó ní àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jókòó nínú ìdọ̀tí lọ́jọ́ tí ìlú wọn gba òmìnira.

Lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn dé. Ìlú gbóná mọ́ àlejò, oníkálukú ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e sọdá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Èmi náà lọ. Ẹni tó bá dúró nígbà náà, ìdí wà, ìdí ti Jímọ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, nítorí ojú mi ló ṣe. A ṣe ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá tó kẹ́yìn ní Onitsha kí a tó lọ, ní ṣọ́ọ̀bù Alàgbà Adégbìtẹ́, ẹni tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà tó sì tún jẹ́ Ààrẹ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ẹrù mi wà lórí itan mi. Wọ́n ní ta ló máa bá wa wo itẹ́? Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Jímọ̀ ló dìde. Ó ní Súlìyát ìyàwó òun, Onitsha ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Ìgbò bí onílé, àwọn á rí ibi forí pamọ́ sí láàárín àwọn aládùúgbò. Adégbìtẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Jímọ̀, a fi wọ́n lé ọ lọ́wọ́," ó ní. "Ohun tó bá jẹ́ tiwa jẹ́ tìrẹ títí láé."

A ṣe àmín. Tèmi ròkè.

Ojú Jímọ̀ rí màbo nínú ogun yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìlú fura sí i, wọ́n ní Yorùbá tó bá kù sẹ́yìn, amí ni, wọ́n sì tì í mọ́lé. Mama Nkemdilim, onílé wọn, ọmọ Onitsha pọ́ńbélé, ló di gèlè lọ bá wọn. Ó ní bí Jímọ̀ bá jẹ́ amí, kí wọ́n ti òun náà mọ́ ọn. Wọ́n bi í pé kí ni ọkùnrin yìí ń wá nínú itẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní ó ń fọ òkúta àwọn òkú ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tú u sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló tẹ̀lé e. Ohun funfun kan kò gbọdọ̀ hàn sókè mọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé, kò sẹ́ni tó ń sá aṣọ funfun síta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá sọ fún Jímọ̀ pé àwọn òkúta rẹ̀ yẹn ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ tó ń ju àdó olóró, kó tètè wá nǹkan ṣe sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fi òòlù fọ́ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Òun àti Súlìyát sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, wọ́n ru ẹrẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń fọ òkúta láti ọdún gbọọrọ, ọwọ́ náà ló fi yí ẹrẹ̀ mọ́ wọn. Súlìyát ní ó ń sunkún bó ṣe ń ṣe é, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ má bínú, ogun ni, mò ń bọ̀ wá wẹ̀ yín. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orúkọ rẹ̀ kó tó fi ẹrẹ̀ kàn án. Ó ní Ìyá Aláṣọ kò fẹ́ràn ìdọ̀tí.

Nígbà tí ìbọn wọ ìlú gan-an, Jímọ̀ àti ará ilé rẹ̀ bá Mama Nkemdilim sá lọ sí Ogidi, láti Ogidi wọ inú igbó. Ebi ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Àmínát, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kú sínú igbó yẹn. Wọ́n sin ín lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń sá lọ. Títí di òní, Súlìyát kò mọ ibẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ti kéde pé ogun parí ní oṣù Jánúárì ọdún tó kọjá, Jímọ̀ fẹsẹ̀ rìn gba Nkpor wọ Onitsha. Ilé tí wọ́n ń gbé ti jó. Kò dúró wò ó. Itẹ́ ló gbà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹrẹ̀ kúrò lára àwọn òkúta. Ọyẹ́ ń fẹ́, omi tutù nini, ikọ́ ń gbé e ṣánlẹ̀, ó ń fọ̀. Kò dáwọ́ dúró títí gbogbo wọn fi mọ́.

Ni àwọn èèyàn wa bá ń padà bọ̀. Wọ́n ti rò pé òkúta tó fọ́ yángá ni àwọn máa bá. Òkúta tó ń dán ni wọ́n bá, orúkọ bàbá wọn ṣeé kà. Àwọn kan dojú bolẹ̀, wọ́n ń ké. Ẹ mọ ohun tí Alàgbà Adégbìtẹ́ sọ? Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan lára òkúta bàbá òun ní àbàwọ́n pupa, kí ló fà á, kí Jímọ̀ tún un fọ̀. Ẹ gbà mí o! Àbàwọ́n ẹrẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ ni bàbá ń bèèrè o. Jímọ̀ gbé korobá. Ó tún un fọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ẹgbẹ́ mọ odi búlọ́ọ̀kù yí itẹ́ ká. Mi ò ní odi kò dára, ewúrẹ́ kò jẹ́ ká gbádùn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó da gẹ̀ẹ́rẹ́, bí ẹ bá fi odi dí i, ibo ni omi òjò máa gbà? Wọ́n rí i pé ó lè wó odi wọn. Wọ́n wá lu ihò ńlá kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá odò, gbogbo omi tó bá rọ̀ sórí itẹ́ á gba ojú kan ṣoṣo yẹn tú jáde. Nítorí ihò yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lọ́jọ́ tí Jímọ̀ kú, Súlìyát ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣí ẹnubodè. Dípò kí wọ́n ṣí i, wọ́n pe ìpàdé. Òkú wà ní yàrá, wọ́n ń ṣèpàdé! Àlùfáà Bẹ̀llò wà níbẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ní kí n fi orúkọ òun sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e wọlé kíá. Ààrẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin Ẹgbẹ́ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan là ń sin sínú odi, ẹni tí kò bá sì wá sí ìpàdé fún odindi ọdún kan ti yọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́. Jímọ̀ kò wá sí ìpàdé kankan láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí.

Súlìyát jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi ìpàdé náà, ó ń gbọ́. Ó dìde.

"Ìpàdé wo, Bàbá? Ibo lẹ ti ṣe é?"

"Ìbàdàn," Ààrẹ dá a lóhùn. "Ìpàdé wa kò dáwọ́ dúró, ìyá. Oṣooṣù là ń ṣe é."

Ìbàdàn! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tí ẹ fi sílẹ̀ nínú iná kó máa ṣọ́ bàbá yín, ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣooṣù, ẹ ń ní kò wá. Ọ̀nà wo ni kó gbà wá? Afárá tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ti já sínú odò. Ṣé kó gba àárín ọmọ ogun méjèèjì kọjá, kó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, mo fẹ́ lọ sí ìpàdé? Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó jẹ́, ṣé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó rántí ibi tí ẹ rán an? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi orí fọ́ àgbọn kò ní jẹ níbẹ̀. Jímọ̀ fi orí fọ́ ọ, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá ń bi òkú rẹ̀ pé kí ló dé tí orí rẹ̀ fi bẹ́.

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ọ̀rọ̀ ìpàdé kọ́. Nígbà tí mo dé Onitsha ni mo gbọ́ èyí tí wọ́n fi sábẹ́ ahọ́n: pé Jímọ̀ ti di Ìgbò, pé ẹni tó bá wọn gbé ní gbogbo ìgbà ogun, ta ló mọ ohun tó bá wọn ṣe. Àwọn tó gbé ìbọn lọ́wọ́ pè é ní amí Yorùbá, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Àwa tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ wa pè é ní ará Ìgbò, a sì ti ẹnubodè mọ́ òkú rẹ̀. Ibo wá ni kí Jímọ̀ lọ?

Mama Nkemdilim gbọ́, ó wá. Ó gbá Súlìyát mọ́ra, ó ń fi Ìgbò sọ pé pẹ̀lẹ́, "Ndo, nne, ndo," ó ní kí wọ́n gbé Jímọ̀ wá sínú àgbàlá òun, pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ òun sí, wọ́n á jọ wà níbẹ̀. Onílé Ìgbò fẹ́ fi àgbàlá rẹ̀ sin ayálégbé. Ọmọ Yorùbá kò fẹ́ fi itẹ́ Yorùbá sin Yorùbá. Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó sì ń tì mí títí di ìsinsìnyí. Súlìyát dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní Jímọ̀ ti sọ fún òun pé lọ́dọ̀ àwọn tí òun ń fọ̀ ni kí wọ́n sin òun sí. Bó ṣe di pé Àlùfáà Bẹ̀llò àti àwọn díẹ̀ gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn odi nìyẹn, lápá odò, ní ẹ̀gbẹ́ odi gan-an. Ilẹ̀ gbẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń kánjú kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí ihò odi kọjú sí.

Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo sì débẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. A ń ṣàdúrà lọ́wọ́ ni òjò dé. Mo fi ojú mi rí i: gbogbo omi itẹ́, omi tó ti wẹ orí bàbá Adégbìtẹ́, tó wẹ orí ìyá mi, tó wẹ orí gbogbo wọn, rọ́ wá sójú ihò yẹn, ó sì tú dà sórí Jímọ̀ Ìyàndá. Ó ń bọ̀ pupa, ó ń ru. Ó gbé iyanrìn orí ibojì, ó ń gbé e lọ sódò. Súlìyát kò sunkún. Ó gbé agbada irin, ó kó sínú ẹrẹ̀, ó ń bu iyanrìn padà, omi ń gbé e lọ, ó tún ń bù ú. Mo fà á lápá, ó já ara rẹ̀ gbà. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Onitsha kì í ṣe ilẹ̀ àpáta, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ ohun tí omi lè fi ṣe lójò kan péré. Ibojì náà ti jìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣí.

Aṣọ mi tútù bẹ́ẹ̀ ni mo lọ bá Adégbìtẹ́ nílé. Ó ní kí wọ́n fún mi ní aga. Ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó mi orí títí, ó ní ó ṣe òun láàánú. Ó ní bí òun bá tẹ òfin lójú fún ẹnì kan, gbogbo ayé ló máa wá ní kí òun tẹ̀ ẹ́ fún àwọn.

"Kò le tó bẹ́ẹ̀, Wẹ̀mímọ́," ó ní. "Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà. Mú un wá síbẹ̀."

Dìsẹ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa lọ bá òjò sọ pé kó dúró de Dìsẹ́ńbà? Oṣù Júlàì la wà yìí. Òjò tó pọ̀ jù ṣì ń bẹ níwájú.

Mo padà lọ bá Súlìyát, mo ní kí ni kí n bá a bèèrè. Mo ti rò pé ó máa ní òkúta tó ní orúkọ. Kò dárúkọ òkúta. Ó ń fọ ẹrẹ̀ èékánná rẹ̀, kò sì wo ojú mi.

"Àmínát ti sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ náà sọ nù."

Ẹ ti gbọ́ ọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni tọrọ àánú. Ìdáhùn ni mò ń bèèrè, mo sì ń bèèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ta ló ní kí wọ́n lu ihò síbẹ̀? Nínú àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí a ti sin ín, ta ló rí i pé omi ń tú sórí òkú, tó fa agbádá rẹ̀ sókè kó má baà tútù, tó sì bá tirẹ̀ lọ? Ta ni àwọn tó na ọwọ́ sókè nínú ìpàdé ọ̀sán yẹn pé kí Jímọ̀ má wọlé? Kí wọ́n dárúkọ ara wọn fún Súlìyát. Bí wọn kò bá dárúkọ ara wọn, Àlùfáà Bẹ̀llò mọ̀ wọ́n, èmi náà á sì kọ wọ́n síbí.

Ẹ má hú òkú. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kí á máa gbé e kiri, ó sì ti rìn tó. Odi ni kí ẹ gbé. Ẹ wó apá tó wà lọ́dọ̀ odò, kí ẹ tún un mọ kọjá ẹsẹ̀ Jímọ̀, kí òun náà wà nínú, kí ẹ sì wá ibòmíràn fún omi. Bí ẹ bá ní kò sí ibòmíràn, ó dáa, ẹ jẹ́ kó gba orí ìyá mi. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Adégbìtẹ́, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkùnrin yẹn mú lójú wa. Ọwọ́ yẹn náà ni kí ẹ fi gbé òòlù, lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ́kọ́ lu odi náà kí ẹnikẹ́ni tó lù ú, kí Súlìyát dúró níbẹ̀, kó máa wò yín.